Ilé Tí A Kò Kàn Mọ́lẹ̀

Bí àlejò bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ pa á. Ilé pákó ni gbogbo ilé wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fìdí kanlẹ̀. Orí ìtì igi gbọọrọ méjì ni ilé kọ̀ọ̀kan jókòó lé, wọ́n gbẹ́ ẹnu ìtì náà sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì fi èèkàn ńláńlá há a mọ́lẹ̀ kí ó má baà yọ̀ lọ. Àwọn ọlọ́jà a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ̀yin ará ibí, ibo ni ilé yín ń rìnrìn àjò lọ?" Àwọn náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí wọ́n lọ bi Káfíńtà.

Káfíńtà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó sì nídìí. Etí odò ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó lọ́ràá, ohun tí wọ́n bá sọ sí i ló ń hù, àfi ìgbà tí odò náà kún lóru ọjọ́ kan, tí ó gbé ilé, tí ó gbé àká. Àwọn ìdílé tí ó yè sá gun òkè, wọ́n dúró níbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń wo òrùlé wọn tí ó ń léfòó lọ. Ọjọ́ náà ni Káfíńtà búra pé òun ò tún ní kan ilé mọ́lẹ̀ láyé òun. Nígbà tí wọ́n rí ilẹ̀ míì, tí alágbẹ̀dẹ gbẹ́ kànga tí omi sì tú pùú, Káfíńtà ló kọ́ ilé fún gbogbo wọn, ilé tí èèyàn lè so okùn mọ́ kí wọ́n wọ́ ọ gòkè bí omi bá tún dé. Omi ò dé mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ ọ náà ló wà.

Ìyàwó Káfíńtà ló kọ́kọ́ kú níbẹ̀. Ibà ni. Obìnrin tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ po amọ̀ tí wọ́n fi ṣe ààrò ìlú náà, ibà mú un lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì sin ín sẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi kan tí kò tíì ga ju èèyàn lọ. Alágbẹ̀dẹ, ẹni tí ọ̀rọ̀ sísọ dùn mọ́ ju irin rírọ lọ, bọ́ síwájú gbogbo wọn. Ó ní, "A ti ní ẹni tiwa nínú ilẹ̀ yìí. Láti òní lọ, ibí kì í ṣe àgọ́ mọ́, ìlú ni. A ò ní fi í sílẹ̀ níbí ká lọ." Gbogbo wọn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ohùn tirẹ̀ ròkè jù ni àbúrò Káfíńtà.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo ìlú ń pè é. Bí ó bá yó, á rẹ́rìn-ín. Bí ebi bá ń pa á, á rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí odò gbé ilé rẹ̀ lọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òrùlé yẹn kúkú ti pẹ́ tó ti ń jò. Irú wọn ṣòro í bínú sí. Káfíńtà ló tọ́ ọ nígbà tí àwọn òbí wọn kú, ó pọ̀n ọ́n, ó bọ́ ọ, ó fún un ní yàrá títí ó fi gbéyàwó. Ohun kan ṣoṣo tí Ẹlẹ́rìn-ín kọ̀ láti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ káfíńtà. Ó ní eruku pákó ń mú òun sín.

Ìgbà tí ó yá, ìròyìn ọ̀nà ńlá dé. Àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ti ń ri igi tí wọ́n kùn ní pupa mọ́lẹ̀ káàkiri, ibi tí igi náà sì dorí kọ, ọ̀nà ò ní gba ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀yìn òkè ni yóò gbà, ní pápá gbalasa kan tí kò sí nǹkankan níbẹ̀ ju atẹ́gùn lọ. Kò sẹ́ni tí wọ́n ní láti là á yé. Bí ọ̀nà bá yà wọ́n sílẹ̀, ọlọ́jà ò ní wá mọ́, àwọn ọ̀dọ́ á máa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé á máa ṣófo, igbó á sì gba ibẹ̀ padà. Àwọn yòókù ń ronú ọjà àti oko wọn. Ní ti Káfíńtà, ẹni tó wà lábẹ́ igi lẹ́yìn ilé ló ń rò. Bí ìlú bá tú, obìnrin náà nìkan ni yóò kù síbẹ̀, igbó á bò ó, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹnì kan ti dáná rí níbẹ̀. Ẹ̀rù yìí ni kì í jẹ́ kí ó sùn.

Àárín ìgbà náà ni Ẹlẹ́rìn-ín wá bá a níbi tí ó ti ń fá pákó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé mi ti ń tẹ̀ sápá kan. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tú èèkàn, kí n lè tò ó fúnra mi. Ó ti sú mi kí n máa yọ yín lẹ́nu."

Inú Káfíńtà dùn débi pé ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Látàárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ ni ó fi ń kọ́ àbúrò rẹ̀. "Ẹ̀yìn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ o. Tó o bá kọ́kọ́ tú tiwájú, ilé á lọ́, ilẹ̀kùn ò sì ní pa dé mọ́ láéláé. Ìtì ni kó o so okùn mọ́, má so ó mọ́ òpó." Ẹlẹ́rìn-ín sín títí, ṣùgbọ́n ó fetí sílẹ̀, ó ń bi í ní ìbéèrè. Tí ilé bá wúwo ńkọ́? Tó bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ dá lọ́lá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó lọ jókòó lábẹ́ igi, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ẹlẹ́rìn-ín ti fẹ́ kọ́ṣẹ́ o. Ìwọ náà gbà á gbọ́?"

Ẹlẹ́rìn-ín náà ló tún mú àbá wá pé kí Káfíńtà lọ bá ọ̀gá wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ní àgọ́ rẹ̀, kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yí ọ̀nà gba ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ tẹ ibí dó. Ta ló tún máa sọ̀rọ̀ tí wọ́n á gbọ́?" Alágbẹ̀dẹ ní òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ìyá oníbúrẹ́dì di búrẹ́dì fún un, ó ń wo ilẹ̀ bí ó ṣe ń gbé e fún un. Káfíńtà rò pé ojú ló ń dun ìyá náà.

Àgọ́ ọ̀hún jìnnà, ọ̀gá náà kò sì rí tirẹ̀ rò. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kí Káfíńtà padà wá. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń jókòó lásán ni, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún àga àti tábìlì wọn ṣe, èyí tó yẹ̀ ó kàn án, èyí tó ń mì ó fi igi há a lẹ́sẹ̀. Níjọ́ tí ọ̀gá rí i pé tábìlì òun ò mì mọ́ ni ó tó béèrè ta ni bàbá yìí, kí ló sì ń wá.

Káfíńtà sọ tẹnu rẹ̀. Ọ̀gá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó, ó tún wò ó.

"Ẹ lómi?"

"Kànga wa ò gbẹ rí."

"Omi nìkan ò tó kí n tìtorí ẹ̀ yí ọ̀nà. Mo lè fi tánkì gbé omi. Èèyàn ni mi ò lè fi tánkì gbé. Tí ìlú bá wà níbẹ̀, tí wọ́n á máa bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mi, tí wọ́n á máa gbà wọ́n sílé, màá yí i. Ṣé ìlú gidi ni?"

Káfíńtà fọwọ́ sọ̀yà. "Ọ̀gá, ìlú gidi ni. Ẹ wá fojú ara yín rí i."

Ọ̀gá ní òun ń bọ̀, kò ní pẹ́. Bí Káfíńtà ṣe kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tí kì í kọrin ń kọrin lójú ọ̀nà, ó ń ro bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún wọn, bóyá kí òun kọ́kọ́ fajú ro, kí òun díbọ́n pé wọn ò gbà, kí òun tó wá tú u síta.

Nígbà tí ó dé orí ibi gíga tí wọ́n ti ń rí ilé wọn lókèèrè, ó rò pé òun ti ṣìnà. Kànga wà níbẹ̀. Igi wà níbẹ̀. Ilé ni kò sí. Ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan ti jókòó rí ti di ilẹ̀ funfun onígun mẹ́rin tí koríko ò hù sí, ààrò dúró lójúde bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ, àwọn adìyẹ tí wọ́n gbàgbé sì ń tú eruku níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀. Kò sí eérú iná, kò sí pákó fífọ́. Wọ́n tú èèkàn náà létòlétò, wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá oníbúrẹ́dì nìkan ló kù. Ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò búrẹ́dì ńlá tí kò ṣeé wọ́. Bí ó ṣe rí Káfíńtà, ó dìde, ó tún jókòó.

"Ẹ kú àbọ̀," ni ó wí.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Káfíńtà, ẹ má bínú. Gbogbo wa ni. Ẹ̀yìn òkè ni wọ́n lọ, ibi tí ọ̀nà máa gbà. Katakata àwọn agégẹdú ni wọ́n yá, òun ló wọ́ ilé. Mò ń retí kó padà wá gbé ẹrù mi."

"Ẹlẹ́rìn-ín ńkọ́?"

Ìyá náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Òun ló pè wá jọ. Ó ti pẹ́, ìgbà tẹ́ ẹ ń pààrọ̀ òrùlé mi ni. Ó ní tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ ò ní jẹ́ ká lọ, ẹ óò sunkún, ojú á sì tì wá, a ò ní lè lọ mọ́. Ó ní òun máa wá bí òun á ṣe rán yín níṣẹ́ ọ̀nà jíjìn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Káfíńtà lára díẹ̀díẹ̀. Orí òrùlé obìnrin yìí ni òun wà, tí òun ń kan ìṣó, nígbà tí wọ́n ń pàdé nísàlẹ̀. Gbogbo wọn mọ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ń bá a ṣàwàdà lójoojúmọ́ mọ̀. Ẹni tí ó di búrẹ́dì fún un mọ̀. Àbúrò rẹ̀ jókòó tì í látàárọ̀ dalẹ́, ó ń sín, ó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń wọ́ ilé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òun náà sì ń dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀. Ayọ̀ yẹn gan-an ló dùn ún jù. Ó lọ sábẹ́ igi. Ilé tirẹ̀ náà kò sí níwájú ibojì mọ́, koríko sì ti ń yọ orí. Ó fà á tu títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

Lọ́jọ́ kejì ó tọ ipa tí àwọn ìtì fà sílẹ̀ lọ sẹ́yìn òkè. Ilé rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí. Wọ́n ti gbé e sí ipò iwájú, ó dojú kọ ibi tí ọ̀nà yóò gbà, ẹnì kan tilẹ̀ ti gbálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín sáré jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ wò ó, tiyín la kọ́kọ́ gbé! Kò sí abọ́ kan tó fọ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn wò, ó ń pa dé wẹ́kú!"

"O purọ́ fún mi."

"Ṣé tí mo bá sọ òótọ́, ẹ máa gbà?" Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dáríjì mí. Mo ní ọmọ. Ibi tí ọ̀nà wà ni màá tọ́ wọn sí."

"Ìyàwó mi ńkọ́?"

Ẹ̀rín náà dín kù díẹ̀. Àwọn èèyàn ti pé jọ, alágbẹ̀dẹ wà láàárín wọn, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀nà ò kan ìyẹn mọ́, ẹ̀gbọ́n. Ó kúkú ti kú. Ẹ lè máa lọ kí i. Kò jìnnà."

Inú bí Káfíńtà. Kò rò ó kí ó tó sọ ọ́ jáde. "Ọ̀nà ò ní gba ibí. Mo bá ọ̀gá sọ ọ́, ó ti gbà. Ọ̀dọ̀ wa ni yóò yí i gbà. Ó ń bọ̀ wá wo ìlú, ẹ̀yin sì ti kó ìlú lọ."

Káfíńtà dúró, ó ń retí kí ojú tì wọ́n. Ohun tí ó ń retí nìyẹn, kí ẹnì kan kàn forí bolẹ̀, kí ó ní, Káfíńtà, a ṣẹ̀ yín.

Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó pàtẹ́wọ́. "Kí la wá ń dúró wò? Ẹ lọ pe katakata!"

Ṣe ni gbogbo wọn túká bí ìgbà tí agogo ilé ẹ̀kọ́ bá lù. Ẹnì kan ń wá okùn, ẹnì kan ń tú èèkàn tuntun. Àwọn obìnrin ń kó abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò. Alágbẹ̀dẹ gbé orí sókè wàyí, ohùn rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó bọ́ sí gbangba. "Mo ti wí i tẹ́lẹ̀! Ẹni tiwa wà nínú ilẹ̀ yẹn! A ò ní fi í sílẹ̀!" Gbogbo wọn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ohùn Ẹlẹ́rìn-ín sì tún ròkè ju ti gbogbo wọn lọ.

Káfíńtà wò wọ́n. Ohun tí ó ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti ìgbà tí ìròyìn ọ̀nà ti dé ni èyí, kí wọ́n dúró ti obìnrin náà. Wọ́n ti ń padà lọ dúró tì í báyìí, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀nà ni. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì rìn lọ sílé níbi tí kò sí ilé mọ́.

Láàárọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, jíìpù ọ̀gá wọnlẹ̀wọnlẹ̀ dé. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wo kànga, ó wo ilẹ̀ funfun onígun mẹ́rin yẹn, ó sì wo ìyá oníbúrẹ́dì lórí ẹrù rẹ̀. Láti ẹ̀yìn òkè, wọ́n ń gbọ́ ohùn katakata tí ó ń kùn bọ̀.

"Bàbá Káfíńtà, ìlú yín dà?"

Káfíńtà mọ̀ pé tí òun bá ní kí ọ̀gá ní sùúrù díẹ̀, ilé á yọ. Gbogbo rẹ̀ á yọ lórí òkè níkọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ ni yóò ṣíwájú, ọ̀nà á sì yí wá. Àwọn ọlọ́jà á pọ̀. Wọn ò ní lọ mọ́, àfi ìgbà tí ọ̀nà míì bá tún là níbòmíì.

"Kò sí ìlú níbí, ọ̀gá," ni ó wí. "Mo purọ́ fún yín. Ibojì ìyàwó mi nìkan ló wà níbí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà yín máa lọ tààrà."

Ọ̀gá kọjú sí ẹ̀yìn òkè. "Ariwo wo nìyẹn?"

"Àwọn agégẹdú ni."

Jíìpù náà lọ. Eruku rẹ̀ kò tíì rọ̀ tán tí katakata fi yọ, ilé Káfíńtà lẹ́yìn rẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé náà bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ síbi ìgbéyàwó, ó ń juwọ́. Kí wọ́n tó dúró dáadáa ló ti bẹ́ sílẹ̀.

"Ọ̀gá ńkọ́? Kò tíì dé?"

"Ó ti dé, ó ti lọ. Mo ní kó máa mú ọ̀nà ẹ̀ lọ síbi tó ń mú un lọ tẹ́lẹ̀. Mo ní kò sí ìlú níbí."

Ẹlẹ́rìn-ín kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìgbà tí ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Káfíńtà kò rí ojú rẹ̀ láìsí ẹ̀rín rí láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé, ó sì yà á lẹ́nu bí ó ṣe jọ ìyá wọn tó.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀, "ṣé bẹ́ ẹ ṣe máa dà wá nìyí? Àwa ọmọ ìyá yín?"

Òótọ́ ọkàn rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Káfíńtà rí i pé òótọ́ ọkàn ni, pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun, pé títí láé ni yóò máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe da òun.

"Ẹ tú okùn ilé mi," ni ó wí.

Wọ́n tú u. Ibi tí katakata dúró sí náà ni wọ́n já a sí, ní ìdábùú, ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ igbó. Awakọ̀ yí ẹ̀rọ náà padà láti lọ sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà. Ẹlẹ́rìn-ín gùn ún, kò wẹ̀yìn. Awakọ̀ wo ìyá oníbúrẹ́dì, ó bi í bóyá ó ń bọ̀. Ìyá náà wo Káfíńtà, ó wo ààrò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bínú," ni ó wí látorí katakata. "Ta ni màá máa ta búrẹ́dì fún níbí?"

Káfíńtà ní kò sí ìbínú. Ó bá a gbé èyí tí ó wúwo jù nínú ẹrù náà sókè, ó sì so ó mọ́lẹ̀ dáadáa kí ó má baà já bọ́ lọ́nà.